Ta Ni Bàbá Yín Bá Níbẹ̀?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi ń wá bàtà mi nílé ẹ̀gbọ́n mi, Kúnlé, ní Evanston, nítòsí Ṣìkágò l'Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé láti ọsibítù, ṣùgbọ́n ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n má baà lọ láìgbọ́ ìtàn tó máa ń sọ fún gbogbo àlejò.

"Àbúrò, èmi ni first Yorùbá on this block. Mi ò mọ ẹnì kankan nígbà tí mo dé. Èmi nìkan ni mo struggle. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ history, kí wọ́n wá bá mi."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo lè bá a kà á.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni, iṣẹ́ ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ni mo sì ń kọ́. Karen, tó ń darí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní kántì kan lápá gúúsù Ṣìkágò, ló pè mí sípàdé. Kántì ni ohun tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Wọ́n fẹ́ yan kókó ìtàn kan tí gbogbo ẹrù inú ilé náà yóò máa sọ, kí àlejò má kàn máa wo ọkọ́ àti ìgò àtijọ́ kiri.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé àárín ìlú, mo bọ́ sí òmíràn tó ń lọ sí Homewood. Mo kí ọkùnrin tó jókòó tì mí. Ó yẹ àpò rẹ̀ wò. Kọfí àti dónọ́ọ̀tì tí mo rà sún mọ́ dọ́là méjì, kọfí náà sì jẹ́ omi gbígbóná tí wọ́n kàn fi kọfí hàn. Owó yẹn ì bá ra àkàrà tí gbogbo ilé wa yóò jẹ yó.

Karen fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi ní Homewood. Ara rẹ̀ kò balẹ̀.

"Mísíìsì Hadley ló ni ìdajì ẹrù wa," ó ní. "Ó ní tí a kò bá fi bàbá àgbà òun ṣe kókó ìtàn, pé bàbá náà nìkan ló tẹ ìlú yìí dó, òun á kó ẹrù òun lọ. Tó bá kó o, a ti kógbá sílé nìyẹn."

Bí a ṣe wọ yàrá ìpàdé, mo rí ìyá arúgbó kan lórí àga. N kò ronú rárá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mísíìsì Hadley fúnra rẹ̀ ni. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra kúnlẹ̀ tì mí, ó sì ń fọwọ́ wá abẹ́ tábìlì.

"Kí lo sọ nù?" ó bi mí. "Ṣé bọ́tìnì ni?"

"Ẹ̀yin ni mò ń kí, mà. Bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn."

Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí èmi àti Karen fà á dìde tán, ó ní ẹ̀gbẹ́ òun ni kí n jókòó.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bàbá àgbà rẹ̀: òun ló kọ́kọ́ dé, kò sẹ́ni níbẹ̀, òun nìkan ló jìyà rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí láàárọ̀, ní Yorùbá. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí nínú. Nílé wa, tí ìdílé kan bá ń sọ bí wọ́n ṣe dé ìlú, àgbà kan kò ní ṣàì bi wọ́n ní ìbéèrè kan, ìbéèrè náà sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàfin. Mo bi í:

"Ta ni bàbá yín bá níbẹ̀, mà? Ta ló fi omi hàn wọ́n?"

Karen fọwọ́ bojú. Ìyá kọjú sí mi.

"Opó kan wà," ó ní, "ará Póláǹdì. Inú òtútù ni bàbá dé. Ilé opó náà ló sùn sí títí yìnyín fi yọ́. Abọ́ rẹ̀ kan wà nílé mi. N kò mú un wá rí, torí kì í ṣe tiwa."

Ọ̀rọ̀ bàbá tó nìkan tẹ ìlú dó parí síbẹ̀. Kókó ìtàn tí àwọn tó wà nípàdé mú ni: Ta ló gbà wá sílé? Ìyá ní òun á mú abọ́ náà wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ́ bàbá òun, kì í ṣe síwájú rẹ̀. Inú mi dùn gan-an.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Evanston.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ilé ta lẹ sùn sí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé Ṣìkágò?"

Ó họrí. "Alhaji Ràímì, ní Lansing, gúúsù Ṣìkágò níbí. The whole winter. Kóòtù wọn ni mo wọ̀ lọ fún interview."

"Ṣé ẹ máa ń kí wọn?"

"Àbúrò, shift. Bills." Ó tún họrí. "Ó ti pẹ́ o."

Èyí ni ìrìn àjò náà kọ́ mi: gbogbo ẹni tó ní òun ló kọ́kọ́ dé, ẹnì kan ló ṣílẹ̀kùn fún un. N kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n. Ó ti gbé tẹlifóònù. Bó ṣe gbọ́ ohùn Alhaji, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, tẹlifóònù létí.

Àǹtí Bísí, ìyàwó rẹ̀, jáde láti kíṣìnnì, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ àga.

"Kí ló sọ nù?"

"Ẹ má wulẹ̀ wá a mọ́, àǹtí," mo ní. "Wọ́n ti rí i."