Ẹni Tí Kò Tíì Jáde Sórí Ẹní Ìyá Sàfú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní agboolé tí a ń gbé nítòsí Ọjà Tuntun ní Ìlọrin, kò sí ẹni tí ó lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di alẹ́ kí wọ́n má wá a wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìbínú sáré ṣáájú ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹ mọ ìgbà tí a ń tò sí ojú fèrèsé aládùúgbò láti wo tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ mọ bí kẹrosíìnì ṣe ń rùn lára ìwé iṣẹ́ àmúrelé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ dá ẹjọ́ náà.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni à ń wí yìí. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni bàbá àti ìyá mi. Tíṣà ni bàbá mi, ìyá mi sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Yàrá méjì ni a háyà, àwa nìkan sì ni a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú gbogbo agboolé náà. Yàrá tí ó kọjú sí tiwa ni Ìyá Sàfú àti Sàfú ọmọ rẹ̀ ń gbé. Mọ́sà, àkàrà àgbàdo, ni ó ń dín tà láràárọ̀, àgbàdo tí ó rẹ fún un sì máa ń ta òórùn kíkan díẹ̀ sí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn níbikíbi lónìí, mo ti délé nìyẹn. Tí wọ́n bá ti kírun Aláàsárì tán, yóò pe èmi àti Lékan àbúrò mi kí á gbá abẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé, kí á wọ́n omi sí i kí eruku má sọ. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹní rẹ̀ jáde. Ẹní náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi àti Lékan fi ní láti di etí rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì kí ó tó tẹ́ dáadáa.

Orí ẹní yẹn ni gbogbo ilé ń bọ̀. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ńlá kan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o. Gààrí tó gbówó lórí ni, ewúrẹ́ tó jẹ èlùbọ́ tí a sá ni, ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni, oyún tí ẹnì kan ń fi bò tí gbogbo ènìyàn ti rí ni. Ìlọrin ni, níbi tí ẹnu ti dùn ju iyọ̀. Ìyá Sàfú lè máa sọ bí òun ṣe ra ata lọ́jà lásán, kí àwọn àgbàlagbà máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Mọ́sà tí kò tà yóò wà nínú abọ́ láàárín, pẹ̀lú wàrà tí ìyá mi dín sínú ata, àti kúlíkúlí tí a ń fọ́ sínú gààrí. Àwa ọmọdé ń ta ọ̀kọ̀tó, a ń fò súwè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n etí wa wà lórí ẹní.

Òfin wà lórí ẹní náà. Òfin kan ni pé o kò gbọdọ̀ kí ènìyàn lápapọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ti ilé ìwé dé, ebi ń pa mí, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé," mo sì ń bá tèmi lọ. Ìyá Sàfú ní, "Ọmọ Tíṣà, padà wá. Ta ló ń jẹ́ Gbogbo Ilé níbí? Èmi ń jẹ́ Ìyá Sàfú. Èyí ń jẹ́ Bàbá Télọ̀. Fi Gbogbo Ilé hàn mí kí n mọ̀ ọ́n." Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ sókè. Mo wo ojú ìyá mi, bóyá yóò gbà mí sílẹ̀. Ìyá mi ní, "Màmá, ẹ má tètè dá a dìde o." Nígbà tí wọ́n dá mi dìde, mo wá ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bèèrè ojú tó ń dun Bàbá Télọ̀, mo bèèrè ikọ́ tó ń ṣe ìyá Múdà. Kí n tó kí wọn tán, Múdà fúnra rẹ̀, ọmọ yàrá ẹ̀gbẹ́ wa tí a jọ jẹ́ ojúgbà, ti jẹ gbogbo mọ́sà tó kù sínú abọ́. Ẹ má gbàgbé orúkọ Múdà.

Òfin kejì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí ẹnì kan kò sì sí lórí ẹní, Ìyá Sàfú yóò wo ojú wa yíká, yóò ní, "Lágbájá ò tíì jáde." Ọmọdé kan yóò sáré lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni náà, yóò ní, "Wọ́n ní ẹ ò tíì jáde o." Ẹni tó wà nínú ilé yóò dáhùn pé, "Ẹ ní mo ń bọ̀." Kò sí ìdáhùn mìíràn. Ìbáà jẹ́ pé ìwọ àti ìyàwó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán, wàá ní ò ń bọ̀. Bàbá mi máa ń kùn pé àwọn ènìyàn yìí kò jẹ́ kí òun ráyè máàkì ìwé, ṣùgbọ́n yóò kó ìwé náà wá sórí ẹní, ibẹ̀ ni yóò sì ti máàkì rẹ̀. Ìyá mi àti ìyá Múdà tilẹ̀ bínú síra wọn nígbà kan nítorí omi kànga. Wọ́n jáde, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn lórí ẹní kan náà, wọ́n sì jọ ń bu mọ́sà nínú abọ́ kan náà. A kì í lé ènìyàn kúrò lórí ẹní yẹn.

Bàbá Télọ̀ nìkan ló ń dá gbé láàárín wa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kàdúná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò jáde. Àwọn kan ní aṣọ ọdún ló há a mọ́lé, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìyá Sàfú ní, "Ẹni tó ń ránṣọ á gbọ́ ìpè. Lékan, lọ wò ó." Lékan lọ, ó ní wọ́n ní ẹ ò tíì jáde o. Kò gbọ́ ìdáhùn. Ó tún un wí. Ó wá gun búlọ́ọ̀kù kan, ó yọjú lójú fèrèsé, igbe tí ó ké sì gbé gbogbo wa dìde. Bàbá Télọ̀ ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá mi àti àwọn ọkùnrin já ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní bí wọ́n bá jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ni, òkú ni wọn ì bá gbé. Ọwọ́ rẹ̀ kan kò padà bọ̀ sípò mọ́, ṣùgbọ́n ó lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé, ó ń fi ọwọ́ kejì jẹ mọ́sà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pe Lékan ní Ọ̀gá Ayọjú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń bí mi nínú.

A dàgbà, a fọ́nká. Wọ́n gé igi fúrúùtù, wọ́n fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Lékan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Múdà ti di Àlàájì, èmi náà ń gbé nílé tèmi nígboro Ìlọrin. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, Múdà dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lórí fóònù fún gbogbo wa tí a jọ dàgbà nínú agboolé náà. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Mo ní ẹní ti padà dé. Sàfú ra fóònù fún ìyá rẹ̀, ó ní kí Múdà fi ìyá òun sí i, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ráyè gúrúùpù. Ìyá Sàfú ń ka Kùránì dáadáa, ṣùgbọ́n kò ka ABD, nítorí náà ohùn rẹ̀ ni ó máa ń ká ránṣẹ́.

Ẹ wo bí àwa ọ̀mọ̀wé ṣe ń kíra wa. Àwòrán òdòdó kan, "Ẹ káàárọ̀ o, fámílì," ó parí. Gbogbo Ilé tí wọ́n torí rẹ̀ dá mi kúnlẹ̀ ti rí ibi gbé. Ṣùgbọ́n ní ti Ìyá Sàfú, bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán ni ohùn rẹ̀ yóò dé, tí àkùkọ yóò máa kọ lẹ́yìn rẹ̀. "Múdà, o jíire? Ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ ńkọ́, ṣé o fi àdí sí i? Ọmọ Tíṣà, ṣé àlàáfíà lo wà? Ọmọ ẹ tó ń ṣèdánwò, Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i. Lékan, ṣé òtútù ìlú òyìnbó ò pa ọ́?" Báyìí ni yóò ṣe kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan dórí ẹni ìkẹyìn. Bí ẹnì kan kò bá dá sí ọ̀rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò ní, "Kí ló dé tí lágbájá ò tíì jáde?"

Wọ́n ní ó gùn jù. Wọ́n ní ó ń jẹ dátà. Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, mo ṣí fóònù mi, mo rí i pé Múdà ti yọ Ìyá Sàfú kúrò. Kò pè é, kò sọ ìdí fún un. Ó kàn kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí etí wa sinmi díẹ̀." Àwòrán ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn fi tẹ̀ lé e. Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni Lékan, àbúrò mi, Ọ̀gá Ayọjú.

Múdà! Múdà tó jẹ mọ́sà obìnrin yìí títí bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀ fi já! Etí tó fẹ́ sinmi yìí, ṣebí obìnrin náà ló ń kán òróró gbígbóná sí i nígbà tó ń dùn ún, tí ìyá rẹ̀ wà lọ́jà? Mo kọ ohun tó wà nínú mi, n kò fi ọ̀kankan pa mọ́. Wọ́n ní, "Sìsítà, ẹ ṣe sùúrù." Ẹnì kan fi àwòrán òdòdó dá mi lóhùn. Òdòdó! Mo bá wọn jà fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ìka ni mo fi ń jà, ẹsẹ̀ mi kò kúrò nílé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ilé mi. Ìyá Sàfú ni ó sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ọ̀rá mọ́sà lọ́wọ́ kejì, òógùn ti bò ó. Mo sáré kúnlẹ̀. Kò jẹ́ kí n kí òun tán tí ó fi gbá ojú mi mú, tí ó ń wò mí.

"Ọmọ Tíṣà, o wà? Ara ẹ le?"

"Ara mi le, Mà. Kí ló dé tí ẹ jáde nínú oòrùn yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ò jáde. Gbogbo yín dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mò ń kí yín, mò ń tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Mi ò gbóhùn ẹnì kankan. Ọkàn mi ò balẹ̀, wàláì. Mo ní kí n máa wò yín nílé nílé. Ọ̀dọ̀ Múdà ni mo ti ń bọ̀. Ó wà, àlùhàmúdù lílàì. Ó ní nẹ́tíwọ́kì ni."

Nẹ́tíwọ́kì! Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó má baà rí omi tó wà níbẹ̀. Obìnrin tí wọ́n lé jáde ló ń wọ kẹ̀kẹ́ kiri ìgboro, tó ń kan ilẹ̀kùn àwọn tó lé e, kí ó lè mọ̀ bóyá ara wọn le. N kò sọ fún un pé wọ́n yọ ọ́. Ẹnu mi kò gbà á. Mo tẹ́ ẹní fún un, a jókòó, a ń jẹ mọ́sà. Ó ń ka orúkọ àwọn tí ó ti rí fún mi, bí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe rí.

Ó ní, "Lékan ló kù. Kẹ̀kẹ́ ò lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ta la máa rán lọ wò ó báyìí?"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, láyé ìgbà tiwa, ọmọdé kan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti tó láti mọ ẹni tí kò jáde. Lónìí, gbogbo wa wà ní àtẹ́lẹwọ́ ara wa láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì rẹ̀, òdòdó ni a ó fi ránṣẹ́ sí i tílẹ̀ bá mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó ń bèèrè wa lórúkọ, òun la ní ó ń jẹ dátà.

Mo pe Lékan. N kò sọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi fún un. Mo kàn gbé fóònù náà sí Ìyá Sàfú lẹ́nu.

Ó ní, "Lékan. Wọ́n ní o ò tíì jáde o."

Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, mo gbọ́ tí ó ń fa imú.

Ó ní, "Ẹ ní mo ń bọ̀, Mà."

N kò mọ ohun tí Lékan bá Múdà sọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kírun Mọ̀gàríbì lọ́jọ́ náà, wọ́n ti dá orúkọ Ìyá Sàfú padà sórí gúrúùpù. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì, inú sì ń bí mi dòní. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn Ìyá Sàfú dé, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Múdà ni ó kọ́kọ́ kí. Ó bèèrè ẹ̀yìn rẹ̀, ó bèèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí nẹ́tíwọ́kì rẹ̀ bàjẹ́ mọ́.