Mísìs Bámiṣayọ̀ àti Òdo Tí Mo Fún Àsíátù

Ní ilé-ìwé wa ní Jàbí lọ́dún 1986, bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rín níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò, ẹ má wulẹ̀ béèrè, kíláàsì Mísìs Bámiṣayọ̀ ni. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀rín nídìí ìṣirò. Ìjẹ̀bú ni mí, Àjíṣafẹ́ lorúkọ mi. Kíláàsì tí èmi ń kọ́ máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, mo sì máa ń fi yangàn.

Kàbbà ni obìnrin náà ti wá. Ahunṣọ ni ìyá rẹ̀, ìdí òfì ló ti kọ́kọ́ mọ òǹkà kó tó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló tẹ̀lé wá sí Àbújá, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ kìkì eruku àti katakátá. Ó kúrú, ó sanra, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó ní kí àwọn ọmọ Gbàgyí, onílẹ̀ ibẹ̀, kọ́ òun ní òǹkà èdè wọn. Ahọ́n rẹ̀ lọ́, àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín ya.

"Ẹ máa rín in," ló wí. "Lónìí, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Lọ́la, tí ẹ̀yin ò bá mọ tèmi, ojú ò ní tì yín."

Òfin kan ṣoṣo ló ní: èdè ilé rẹ ni kí o fi rò ó, lẹ́yìn náà kí o kọ ọ́ bí ìwé ṣe fẹ́ ẹ. Èmi ní eré ọmọdé ni.

Lọ́dún yẹn, fọ́ọ̀mù ìdánwò àtiwọ girama mẹ́wàá péré ló kàn wá. Hẹdimáásítà ní àwọn tó bá mọ ìṣirò jù ni yóò gbà á, èmi ló sì ní kí n máàkì. Àsíátù láti kíláàsì Mísìs Bámiṣayọ̀, ọmọ Tájù tó ń wa típà, gba gbogbo ogún ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò kọ ọ̀nà tó gbà ṣe ẹyọ kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ dé láti Ìsẹ́yìn, tí kò tíì gbọ́ òyìnbó dáadáa! Mo ní ó jíwèé wò. Mo fún un ní òdo, mo sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ti búra pé bí kò bá wọ girama lọ́dún náà, Ìsẹ́yìn ni yóò padà sí lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Mísìs Bámiṣayọ̀ wọlé tọ̀ mí wá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Àjíṣafẹ́. Ìwé ta ni ọmọ yìí jí wò? Ẹni tó jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀ gba mẹ́fà, tòsì gba mẹ́rin."

Mo fi ìbínú ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá, mo kọ 47 àti 38 sí pátákó, mo ní kó rò wọ́n pọ̀.

"Márùndínláàádọ́rùn-ún, sà."

Èmi kọ márùn-ún tán, mo ṣì gbé ọ̀kan lọ́wọ́, mi ò tíì rí ibi tí mo máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mẹ́ta ló dín nínú àádọ́ta, sà, méjì ló dín nínú ogójì. Àádọ́ta àti ogójì, àádọ́rùn-ún. Ohun tó dín wá di márùn-ún. Bí ìyá àgbà ṣe ń ka obì wọn nìyẹn. Mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ni."

"Kai!" Mísìs pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá Àjíṣafẹ́, ṣé ẹ gbọ́ Yorùbá ṣá?"

Mo jókòó. Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, kí tísà wa tó nà mí lẹ́gba mẹ́fà pé mo jí ìdáhùn. Mi ò dán an wò mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó dùn mí wọra, ẹ̀rín sì tún ń pa mí.

Mísìs fà á mọ́ra, ó kọ ọ́ sí pátákó fún un: 50 yọ 3, 40 yọ 2. Kí aago ìsinmi tó lù, Àsíátù ti ń dá a kọ fúnra rẹ̀. Èmi gba ọ́fíìsì Hẹdimáásítà lọ. Mo ní èmi ni mo ṣì í. Ó kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ ọmọ náà, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù.

Mo gbé e fún un lójú gbogbo kíláàsì. Mo ní, "Àsíátù, má bínú."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kíá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bẹ̀ mí!"

Nílé wa, àgbà kì í bẹ ọmọdé. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe é láyé mi. Mísìs Bámiṣayọ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé mo rí i pé kò pa mí.