Bóòtù Ẹ̀yìn Ọ̀tún

Táyà ló kọ́kọ́ fa wàhálà. Àkọ́bí Káfíńtà, obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, wá kí bàbá rẹ̀, ó rí i pé táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ tí bàbá fi ń kó pákó ti jẹ tán, ló bá ra méjì tuntun. Ọmọ náà fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ju bó ti mọ táyà lọ. Àwọn táyà yìí fẹ̀ bí àyà jagunjagun. Wọ́n wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí Káfíńtà bá ti ru pákó sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ inú táyà á máa ha ṣọ́ọ̀kì, irin tó ń gba jìgìjìgì ọkọ̀, á máa dún bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò.

"Ẹ dá wọn padà," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí n dá ẹ̀bùn ọmọ mi padà? Ó tì o."

Ó gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-kánjú, nítorí kò sí iná tó lè jó tí yóò mú un sáré. Má-kánjú bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó sì ní, "Sípésà la máa fi sí i. Awo irin ni. A ó kì í bọ àárín rímù àti họ́ọ̀bù, irin tí bóòtù táyà wà lára rẹ̀, á ti táyà síta díẹ̀."

"Táyà tó tóbi jù fún ilé, ìta lẹ tún fẹ́ tì í sí?"

"Inú ló ti ń ha, Bàbá Káfíńtà. Àyè wà níta. Àmọ́ bóòtù tó wà níbẹ̀ á kúrú. Bí sípésà bá gba ìdajì rẹ̀, kí ni nọ́ọ̀tì á rí dì mú? A ní láti yọ wọ́n, ká fi èyí tó gùn rọ́pò."

"Báwo lẹ ṣe ń yọ wọ́n?"

"Òòlù ni."

Ojú Káfíńtà dán. "Iṣẹ́ tó bá ti ní òòlù nínú, iṣẹ́ mi ni."

Má-kánjú rẹ́rìn-ín, ó fi bó ṣe máa ṣe é hàn án, ó yá a ní jáàkì àti sípánà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tó ti ra sípésà àti páálí bóòtù gígùn kan, Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ó yọ dírọ́ọ̀mù bíréèkì, ó lu bóòtù àtijọ́ jáde, ó ki tuntun bọ ihò láti ẹ̀yìn, ó wá ń fi nọ́ọ̀tì fà á. Ọrùn bóòtù ní eyín wẹ́wẹ́, àwọn eyín náà sì ń bu ihò irin jẹ títí ó fi le gbagidi. Ó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń súfèé.

Ó bọ́ sí apá ọ̀tún, ayé yí padà. Bó ti ń yí nọ́ọ̀tì ni bóòtù ń bá a yí, bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú. Ó mú òmíràn, bákan náà ni. Ó gbé wọn sójú oòrùn, ó wò wọ́n títí. Páálí kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Igi ló mọ̀ tó máa ń súnkì lọ́gbẹlẹ̀, tí ihò rẹ̀ á sì tú. Ṣé irin náà ń mọ ọ̀gbẹlẹ̀ ni? Kí ló dé tí apá òsì kò mọ̀ ọ́n?

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, wá bá mi wo nǹkan yìí!"

Ìyàwó rẹ̀ wá, ó wò ó. "Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń yí i sódì?"

Ó yí i sí ọ̀nà kejì. Nọ́ọ̀tì bọ́ sí i lọ́wọ́. Káfíńtà bá kígbe pe Má-kánjú.

Nígbà tí Má-kánjú dé, ó ṣa bóòtù àtijọ́ méjì nílẹ̀, ọ̀kan láti òsì, ọ̀kan láti ọ̀tún, ó tò wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ wo ọrùn wọn. Ti ọ̀tún ki ju ti òsì lọ, ìyẹn ni ihò rẹ̀ fi fẹ̀ jù fún tuntun yín. Họ́ọ̀bù ọ̀tún yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí. Ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́ wá. Ọkọ̀ yín ti kọlu nǹkan rí."

"Irọ́ ni! Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti gbà á, tuntun ló sì rà á."

Ẹ̀gbọ́n tó wí yìí, ó máa ń nu ọkọ̀ náà ju bó ti ń nu ojú ara rẹ̀ lọ. Káfíńtà tẹ̀ ẹ́ láago lójú ẹsẹ̀.

"Ọkọ̀ tèmi kọlu kí ni?" ni ẹ̀gbọ́n fi dáhùn. "Eṣinṣin kò fẹsẹ̀ ba ọkọ̀ yẹn rí! Lé mẹkáníìkì yẹn dànù."

Káfíńtà wo bóòtù méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò purọ́ fún un rí. Irin náà kò sì lẹ́nu tó lè fi purọ́. Ta ni kó gbà gbọ́?

Ohùn obìnrin wọlé sórí fóònù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. "Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má dààmú ara yín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín rìnrìn àjò, mo ń fi ọkọ̀ náà rìn sẹ́yìn, ló bá wọ kòtò. Mo ti tún un ṣe kó tó dé."

"Kí lo wí?" ni ẹ̀gbọ́n ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó wa..." ni Káfíńtà bẹ̀rẹ̀, fóònù bá gé.

Ó jókòó lórí àpótí. Ṣé kó rẹ́rìn-ín ni àbí kó lọ bẹ̀ wọ́n? "Má-kánjú, ṣé kì í ṣe pé mo ti fi bóòtù tú ilé ẹ̀gbọ́n mi ká?"

"Èmi ò mọ̀, Bàbá Káfíńtà. Ẹ dìde, ká lọ wá bóòtù ọlọ́rùn kíki."

Wọ́n mú ti àtijọ́ kan dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, wọ́n sì rí èyí tó gùn tí ọrùn rẹ̀ bá ihò mu. Kí oòrùn tó rọ̀, sípésà ti wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, táyà ti dé e, nọ́ọ̀tì ti le. Káfíńtà ru pákó, ó wà á yí àdúgbò po. Kò ha mọ́. Má-kánjú tún fi sípánà yí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan le sí i, ó ní kí Káfíńtà tún padà wá lọ́jọ́ kejì kí òun yẹ̀ wọ́n wò.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ láago. Káfíńtà sáré gbé e.

"Àbúrò," ni ẹ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ pátápátá, "kòtò wo ni?"

"Èmi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo bi ìyàwó mi léèrè, ó ní òun náà ò rántí mọ́. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín." Ó tún bèèrè pé, "Ṣé ọkọ̀ náà ń lọ dáadáa?"

"Ó ń lọ, sà."

"Ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí náà, àbí?"

"Ó ti ń lọ."

"Hẹ̀n," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kí la tún fẹ́ fi kòtò ṣe?" Òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.