Ìwé Alárànbarà tí Mo Tẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọdún méjìdínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi fi tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ kan kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Bí iná bá lọ, wọ́n á na ọwọ́ sínú òkùnkùn, irú ìṣó tí ẹ béèrè gan-an ni wọ́n á mú jáde.

Èmi ni mo ń tẹ ìwé ìwáṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ńlá kan polówó pé òun ń wá olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe ìwé ẹ̀gbọ́n mi lọ́ṣọ̀ọ́. Mo fi fọ́tò wọn sókè, mo sì to gbogbo iṣẹ́ wọn sínú àpótí kéékèèké aláwọ̀ búlúù tí mo yà sójú ìwé náà.

Ọmọbìnrin tá a jọ ń tẹ̀wé ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ ka ìwé wọ̀nyí o. Kì í rí ọ̀rọ̀ inú àpótí."

Mo ní, "Ṣé ẹ̀rọ ló fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ ni?" Agídí mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan náà, oníbàárà kan tí ẹnu rẹ̀ ò dáa wá tẹ ìwé fún iṣẹ́ yẹn. Mo tẹ tirẹ̀ ṣákálá, mo kàn da ọ̀rọ̀ inú ìpolówó náà kọ síbẹ̀.

Òun ni wọ́n gbà, bẹ́ẹ̀ kò tíì lo ọdún méjì nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà wá dúpẹ́, ó ní ìwé tí ẹ̀rọ bá yàn nìkan ni ọ̀gá ń rí. Àṣejù, baba àṣetẹ́: ọdún méjìdínlógún ẹ̀gbọ́n mi, òfìfo ni lójú ẹ̀rọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bínú. Wọ́n ní, "Orí mi ni kò gbè mí. Ìwọ ṣe tìrẹ, àbúrò mi." Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé wọn fún wọn.

Lánàá, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi ọ̀rá wé ìwé náà kó má baà ká.

"Bá mi fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ mẹ́wàá sí i. Má yọ nǹkan kan nínú ẹ̀ o. Tí mo bá ti ń wò ó, mo máa ń rántí pé mo ti ṣe nǹkan gidi láyé."

Mo ṣí i lójú kọ̀ǹpútà, mo pa àpótí àkọ́kọ́ rẹ́.

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Kì í ṣe orí yín ni kò gbè yín. Èmi ni."