Eji Tàbí Èjì

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Igbotako, níbi tí àwọn ọmọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì ti ń da àkọsílẹ̀ òjò àtijọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà lábẹ́ àbójútó mi. Akọ̀wé oko ọ̀pẹ kan ló fi ọwọ́ kọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀, iye íǹṣì òjò tó rọ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ méjì ló ń ṣe ojú ìwé kan. Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí àpótí nọ́ńbà kan lójú kọ̀ǹpútà bá ṣófo, àwọn méjèèjì yóò tún gbogbo ojú ìwé náà yẹ̀ wò kí wọ́n tó jáde.

Ọ̀kan nínú wọn ni gólì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọmọ Igbodigo gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kadà sì ti ń dúró lẹ́nu géètì. Ní ìlà kan, dípò nọ́ńbà, akọ̀wé kọ lẹ́tà mẹ́ta láìfi àmì kankan sí i: eji. Gólì tẹ 2, ó sì dìde.

Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe é, ọmọ Àjàgbà, fà á ní ṣẹ́ẹ̀tì. “Jókòó. Eji ni bàbá yìí kọ. Òjò ni.”

“Èjì ni. Íǹṣì méjì.”

“Bí ìyá àgbà bá ní eji ń bọ̀ nílé wa, a kì í ka nǹkan kan. Aṣọ la máa ń ká.”

“Akọ̀wé ni. Kò lè kọ èdè ìyá àgbà ẹ sínú ìwé iṣẹ́.”

“Kí ló dé tí kò fi kọ nọ́ńbà bíi tàwọn ọjọ́ yòókù?”

“Ó ti rẹ̀ ẹ́.”

“Ó rẹ̀ ẹ́, ó wá fi lẹ́tà mẹ́ta rọ́pò nọ́ńbà kan?”

Mo ní kí n là wọ́n pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ránpẹ́ lórí àmì ohùn. Kí n tó dé orí ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, àwọn kan ti sùn. Ni ìyókù ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá yọjú lójú fèrèsé, gbogbo wọn di onímọ̀ èdè lẹ́ẹ̀kan náà: èjì ni, sà. Wọ́n ní kí a dìbò. Mo ní a kì í dìbò yan òjò.

Gólì wá mú àbá kan wá: bí akọ̀wé náà bá fi ọ̀rọ̀ mìíràn pe òjò lójú ìwé kan náà, a jẹ́ pé eji rẹ̀ kì í ṣe òjò. Àbá tó mọ́gbọ́n dání ni, mo sì gbà. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè. Ọmọbìnrin náà ń ka nọ́ńbà tẹ̀lé e kí ó má baà fo ìkankan, wọ́n sì ń tún àṣìṣe ṣe bí wọ́n ti ń lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá ló rí i: ojo po.

“Ẹ wò ó, sà. Òjò pọ̀.”

“Àbí ọjọ́ pọ̀,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti sú u.”

Mo pàṣẹ pé kí wọ́n pa 2 rẹ́, kí àpótí náà ṣófo, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti bá a. Gólì gbé orí lé tábìlì.

“A máa tún gbogbo ẹ̀ yẹ̀ wò nìyẹn.”

“O ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tán ni,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Kí lo rò pé à ń ṣe látẹ̀ẹ̀kan?”

Gólì wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gba ojú fèrèsé jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Iye òjò tó rọ̀ sí oko ọ̀pẹ náà lọ́jọ́ yẹn, bí ó bá tilẹ̀ rọ̀, a kò mọ̀ ọ́n.