Ọmọ Ìjẹmọ̀ Tí Mo Fi Ẹ̀fẹ̀ Lé Lọ

Nínú àjọ wa ní Òwu tó ń sanwó ilé-ìwé fún ọmọ aláìní, èmi ni mo máa ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi. Máàkì rẹ̀ ló ga jù.

“Ọmọ ibo ni ẹ́?”

“Ìjẹmọ̀ ni, sà.”

“Há! Ọmọ Ìjẹmọ̀ fẹ́ wá ná owó Òwu? Padà sílé o jàre!”

Ẹ̀fẹ̀ tí àdúgbò ń bá àdúgbò ṣe nílùú wa ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó jáde. Nígbà tí a pè é pé òun la mú, ó ti lọ. A wá a títí, a kò rí i, a fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìgbà tí mo wá rí ilé wọn lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ ní, “Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Kọ́bapẹ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé owó Òwu ni, sà?”