Ewé Tí Kò Fẹ́ Ọpẹ́

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Raliat ní Thamesmead mọ̀ pé kò sí ohun tó kórìíra tó ọmọ tí kì í dúpẹ́. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí i, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló sì dàgbà sí, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n á tún jí dúpẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ló gbé wá sí London. Ṣùgbọ́n Woolwich ni wọ́n bí Ikram, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sí, ó sì gbà pé bí èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín músẹ́, ọpẹ́ ti parí. Raliat kò gbà. Bí ó bá gbé oúnjẹ fún ọmọ tí ọmọ kò kúnlẹ̀, ìfọ́tí ló ń tẹ̀lé e. "Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà," ni yóò máa wí, tí ọmọ á máa fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn kan yóò ní ìyá rere nìyẹn. Ẹ bi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà léèrè.

Ikram ní àléfọ́. Ó ti jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ó ti jẹ ẹ́ lọ́rùn, ìbọ̀sẹ̀ ló sì ń wọ̀ sí ọwọ́ méjèèjì sùn kó má baà họ ara rẹ̀ ya lójú oorun. Ìpara ilé ìwòsàn á pa á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún sọjí. Ní kíláàsì wọn, alángbá ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú bí wọ́n bá ń tò lọ síta. Lọ́dún 2014 yẹn, ó ń múra àtilọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní September, ohun kan ṣoṣo tó sì ń tọrọ ni pé kí òun wọlé sáàárín àwọn ọmọ tuntun láìwọ ìbọ̀wọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Raliat ń ṣe, ilé dé ilé. Ọ̀kan nínú wọn ni Soazig, ìyá arúgbó kan tó wá láti Bretagne, apá ilẹ̀ Faransé tó wà létí òkun, tí wọ́n ní èdè tiwọn. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún Birchmere. Ẹnu ìyá náà mú ju abẹ lọ: tíì Raliat kò gbóná, ọwọ́ Raliat tutù, Raliat ń rìn bí ẹṣin. Ó di ọjọ́ tí omi gbígbóná dà sí Raliat lọ́wọ́. Soazig fa ewé gbígbẹ kan yọ, ó rẹ ẹ́ sómi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò, ó sì ka ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn ní èémí kan ṣoṣo, títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Kí Raliat tó dé ibùdó ọkọ̀, ìrora ti lọ.

Ṣùgbọ́n kó tó kúrò níbẹ̀, bó ṣe fẹ́ la ẹnu dúpẹ́, ìyá náà ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Má dúpẹ́! Ẹni tó bá dúpẹ́ ti sanwó, ohun tí a bá sì ti sanwó ẹ̀ ti tán. Ewé yìí kì í gba owó."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Raliat bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ nítorí Ikram. Soazig jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó gbádùn ẹ̀bẹ̀ náà. Nígbà tó gbà, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é, bó bá sì bàjẹ́ láàárín, a kì í tún un bẹ̀rẹ̀ fún ẹni kan náà láéláé.

Àárọ̀ ọjọ́ Jòhánù Mímọ́, ní ìparí oṣù June, ni wọ́n ń já ewé náà, kù díẹ̀ kí àwẹ̀ Ramadan wọlé. Raliat ti ìyá arúgbó náà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lọ sétí adágún, níbi tí Soazig fúnra rẹ̀ ti fọ́n irúgbìn ewé náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ewé àgbélébùú ni wọ́n ń pè é nílé wọn. Wọ́n ní òkè tí wọ́n ti kan Jésù mọ́gi ló ti hù. Raliat dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mùsùlùmí ni òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tí ìyá náà bọ́ bàtà, tí kò jẹ́ kí irin kan ewé, tí ó fi ọwọ́ òsì já a, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá ìyá òun ń lọ sóko ewé ní Ìjẹ̀bú-Igbó láìkí ẹni tó bá pàdé lọ́nà.

Ó kìlọ̀ fún Ikram kí wọ́n tó lọ.

"Tí Grandma Soazig bá ṣe é tán, o ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan. No thank you, no ẹ ṣé. Ṣó o gbọ́?"

Ikram rẹ́rìn-ín. "But Mummy, you're the one that's always..."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

Ẹ̀ẹ̀kíní lọ geere. Ikram jókòó, bó gbà á gbọ́ o, bí kò gbà á gbọ́ o, ó sì jáde láìwí nǹkan kan, bí ìṣe rẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni Raliat ti ń ṣe alhamdulillah lábẹ́nú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọrùn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ó sùn láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dì í lọ́wọ́ mú lójú títì, ó sì dé ilé sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kejì, Soazig tẹ ewé mọ́ ọn lára, ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èémí kan. Ikram gbé apá sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kí Raliat tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ náà ti fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Thank you, Grandma. Ẹ ṣé gan-an ni."

Kò tíì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láìjẹ pé ìfọ́tí ló rán an.

Soazig yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ó kó ewé tó kù jọ, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. "Ó tán," ló wí.

Raliat náà wólẹ̀. Ó ní ọmọdé ni, ó ní ẹ jọ̀ọ́, Mummy, ó ní kó wo ti Ọlọ́run. Ìyá náà wò ó títí, ó sì dà bíi pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

"Mo kìlọ̀ fún ọ. Ta ló kọ́ ọmọ yìí láti máa kúnlẹ̀?"

Ohun tí Raliat mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe: ó yíjú sí Ikram, ó sì fọ́ ọ létí, ìfọ́tí tí kò tíì fọ́ irú rẹ̀ rí, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó mọ ọwọ́ rẹ̀ jù. Ọmọ náà kò sunkún. Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà.

Lọ́jọ́ kejì, Soazig ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá tọ́jú òun. Kí oṣù tó parí, àléfọ́ ti padà sọ́rùn Ikram. Bóyá ewé ló bínú ni o, bóyá ọ̀nà tara rẹ̀ ni àléfọ́ náà ń tọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ fún Raliat, òun náà kò sì fẹ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé ní September, ó fún ọmọ rẹ̀ ní ìbọ̀wọ́ tuntun, aláwọ dúdú tó rọ̀, èyí tó wò lọ́jà Woolwich títí kó tó rà á. Ikram fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Raliat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ọpẹ́.

"Mummy, mi ò ní sọ ọ́ o," ni Ikram wí, ó sì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Kó má baà tán."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì lọ síbi tó ti máa wọ bọ́ọ̀sì.